Kílárínẹ́ẹ̀tì ọlọ́mọrí: ẹni tó yẹ kó rà á, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìdánrawò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣágámù, ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi. Ọmọ náà kò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, ó sì ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń kọ́ kílárínẹ́ẹ̀tì. Ìyá rẹ̀ ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá ti fẹ́ fọn ohùn ìsàlẹ̀, ṣe ló ń han gooro. Wọ́n ní kí n ra èyí tí wọ́n fi ọmọrí bo ihò rẹ̀ fún un, pé ìyẹn kì í han. Ṣé òótọ́ ni?"

Kí n tó dá a lóhùn, mo ní kí ọmọ náà gbé ìka lé gbogbo ihò fèrè rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó wá mú ọwọ́ kúrò. Mo yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè. Ihò ti ya àmì sára ìka rẹ̀. Lórí ìka ìlábẹ̀, àmì náà rí róbótó, ó pé pérépéré. Lórí ìka tó ṣìkejì ọmọńdinrín lọ́wọ́ ọ̀tún, ó dà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ibi tí àmì yẹn kò pé sí ni afẹ́fẹ́ ń gbà sá jáde, òun ló sì ń mú kí fèrè máa han.

Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Òótọ́ wà ńbẹ̀, mà, ṣùgbọ́n kò pé." Àlàyé tí mo ṣe fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ ṣe níbí, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń bi mí. Àwọn òbí, àwọn ọ̀gá akọrin, àti àwọn tó ń fọn sáksófóònù ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n fẹ́ fi kílárínẹ́ẹ̀tì kún un, gbogbo wọn ló ń béèrè ọ̀rọ̀ ọmọrí yìí.

Òrùka kì í ṣe ọmọrí

Kílárínẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ jù, èyí tí wọ́n ń pè ní Boehm, ní kíì 17 (ìyẹn àwọn irin tí ìka ń tẹ̀ láti ṣí ihò tàbí láti dí i) àti òrùka 6. Ihò méje ni ìka tiwa fúnra wa ń dí lára rẹ̀: mẹ́ta níwájú fún ọwọ́ òsì, mẹ́ta fún ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lẹ́yìn fún àtàńpàkò òsì. Àwọn òrùka irin yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Wọ́n á rí i pé irin yí ihò ká, wọ́n á ní, "Èyí náà ní ọmọrí." Kò ní. Òrùka kò bo nǹkan kan, àárín rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ìka bá ṣe ń dí ihò, á tẹ òrùka náà mọ́lẹ̀, òrùka á sì fa ọmọrí kan tó wà níbòmíì dé, lórí ihò tí ìka kò lè nà dé. Ìka kan, iṣẹ́ méjì.

Nínú èyí tí àwa ń pè ní ọlọ́mọrí, wọ́n yọ òrùka kúrò, wọ́n fi àwo irin kékeré pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀. Lábẹ́ àwo náà ni páàdì wà: aṣọ onírun tí wọ́n gé róbótó, tí wọ́n fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé. Ìka kò kan ihò mọ́. Orí àwo ni ìka ń tẹ̀, páàdì ló ń dí ihò. Ẹni tó bá ti wo sáksófóònù dáadáa rí ti mọ ohun tí mò ń sọ, torí ihò sáksófóònù tóbi ju ohun tí ìka lè dí lọ. Ìdí nìyẹn tí Adolphe Sax, tó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní Páríìsì lọ́dún 1846, fi fi ọmọrí bo ihò rẹ̀. Kílárínẹ́ẹ̀tì oníbáàsì náà rí bẹ́ẹ̀. Lára kílárínẹ́ẹ̀tì kékeré tí a mọ̀, ọlọ́mọrí kò wọ́pọ̀, èyí tí èèyàn sì máa ń rí jù ni tókúnbọ̀. Vito, tí iléeṣẹ́ Leblanc ń ṣe nígbà kan, jẹ́ ọ̀kan lára orúkọ tó máa ń wà lára irú rẹ̀.

Ẹ̀yin onísáksófóònù, ẹ fetí sí èyí: ọmọrí kò sọ kílárínẹ́ẹ̀tì di sáksófóònù. Bí ẹ bá tẹ kíì àtàńpàkò lórí sáksófóònù, ohùn kan náà ló máa gòkè, C á di C òkè. Lórí kílárínẹ́ẹ̀tì, yálà ihò rẹ̀ ṣí tàbí wọ́n bò ó, ìka tó ń mú C jáde nísàlẹ̀ ló ń mú G jáde lókè. Ìka tuntun lẹ máa kọ́, kò sí ọ̀nà àbùjá.

Ibi tí iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ ìka

Nígbà tí Johann Christoph Denner ṣe kílárínẹ́ẹ̀tì ní Nuremberg, ní Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1700, kíì méjì péré ló wà lára rẹ̀. Tó fi di ayé Mozart, kíì márùn-ún ló wọ́pọ̀. Kì í ṣe pé àwọn tó ń ṣe fèrè nígbà náà kò mọ bí wọ́n ṣe lè fi kíì kún un. Awọ pẹlẹbẹ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ kíì, awọ náà kì í sì í dí ihò dáadáa. Kíì kan tí wọ́n bá fi kún un, ojú ibi kan tí afẹ́fẹ́ lè gbà jò ni wọ́n fi kún un. Iwan Müller, tó ń fọn kílárínẹ́ẹ̀tì, ló wá yanjú ẹ̀. Ó ki irun àgùntàn sínú awọ, ó sì gbẹ́ etí ihò kí páàdì lè jókòó sí i. Lọ́dún 1812 ló gbé kílárínẹ́ẹ̀tì oníkíì 13 lọ síwájú ìgbìmọ̀ iléèwé orin Páríìsì. Wọ́n kọ̀ ọ́. Àmọ́ ohun tó ṣe ló la ọ̀nà fún Klosé tó ń fọn kílárínẹ́ẹ̀tì àti Buffet tó ń ṣe fèrè, tí wọ́n fi kílárínẹ́ẹ̀tì olórùka han gbogbo ayé lọ́dún 1839.

Mo mú ìtàn yìí wá torí pé òun ló fi hàn ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà. Ọmọrí kò mú jíjò kúrò. Ṣe ló gbé iṣẹ́ dídí ihò kúrò lọ́wọ́ ìka, ó gbé e lé páàdì lọ́wọ́. Ìka ẹ̀dá rọ̀, ó ní ẹran lára, ó sì ń mọ̀ ọ́n lára bí ihò kò bá dí. Páàdì kò mọ nǹkan kan lára. Bó bá ti gbẹ, tó ti wú, tàbí tó ti fà ya, á kàn máa jò ni, ẹni tó ń fọn ún á sì máa rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n fọn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra ọlọ́mọrí tókúnbọ̀ kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Èkó. Irin rẹ̀ ń dán, àpótí rẹ̀ mọ́. Mo gbé e fún ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ eléré wa, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko bá a wí: "Tẹ̀ ẹ́ dáadáa! Ìka rẹ ti dẹ̀ jù!" Ọmọ náà ń tẹ̀ ẹ́ títí èékánná rẹ̀ fi ń funfun. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ, mo fi okùn sọ gílóòbù kékeré kan tó ń lo bátìrì sínú ihò fèrè náà, mo jókòó sínú òkùnkùn, mo rọra ń tẹ ọmọrí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ dé, òkùnkùn ni. Èkejì dé. Mo tẹ ìkẹta, ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan sì dúró sí etí rẹ̀, bí ìgbà tí iná bá ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ti. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i, kò lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ ọmọ náà.

Ta ló yẹ kó rà á?

Ẹni tí oríkèé ìka rẹ̀ ti wọ́ nítorí làkúrègbé, kó rà á. Ẹni tí ìjàmbá ti gé orí ìka rẹ̀, tàbí tí orí ìka rẹ̀ ti kú tí kò mọ nǹkan kan lára mọ́, kó rà á. Onísáksófóònù tó kàn fẹ́ máa fi kílárínẹ́ẹ̀tì kọ orin méjì mẹ́ta lóde àríyá lè rà á, á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọmọdé tí ìka rẹ̀ tín-ín-rín gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ ní sùúrù fún.

Fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ná owó. Ìdí ni pé nígbà tí mo wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àtàńpàkò rẹ̀ ti wọlé jù lábẹ́ irin tó ń gbé fèrè ró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ìka. Ìyẹn ló yí gbogbo ọwọ́ náà wọ́, tí ìka ìkẹrin kò fi dé ibi tó yẹ kó dé. Mo fa àtàńpàkò náà jáde kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná. Mo ní kó fi ẹran ìka dí ihò, kó má fi ṣóńṣó rẹ̀ dí i. Mo tún ní kó tẹ̀ ẹ́. Àmì náà pé yíká. Tí ẹ bá ní ọmọ tí fèrè rẹ̀ ń han, àmì ara ìka yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó jáde lọ rajà.

Àwọn nǹkan kan wà tí ọlọ́mọrí kò lè fún yín. Àwọn tó ń fi ìka yọ̀ lórí ihò, tí ohùn á máa fà gòkè bí ẹni ń sunkún, ọmọrí kò ní gbà fún wọn, torí ihò kò lè ṣí sí ìlàjì. Ohùn rẹ̀ náà máa ń wà ní inú díẹ̀, kì í tú jáde gbalaja bíi ti oníhò ṣíṣí. Irin tó pọ̀ lára rẹ̀ tún mú kó wúwo díẹ̀ sí i, àtàńpàkò ọ̀tún ló sì ń ru ẹrù yẹn. Ẹni tí ọwọ́ ń dùn, kó ra okùn ọrùn mọ́ ọn.

Ti igi tàbí ti rọ́bà? Igi dúdú tó ń wá láti Tàǹsáníà àti Mòsáḿbíìkì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó gbówó lórí, ohùn rẹ̀ sì dára lóòótọ́. Àmọ́ àwa ará Rẹ́mọ mọ obì. A mọ̀ pé bí ewé tí wọ́n fi bo obì bá gbẹ, obì náà á sán, kò sì sí ohun tó lè mú un pa dà. Igi fèrè náà rí bẹ́ẹ̀ lákòókò ọyẹ́. Ìta gbẹ, èémí wa sì ní omi nínú, inú igi á wú nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń súnkì, á sì là, lápá òkè pàápàá. Fún ẹgbẹ́ eléré ṣọ́ọ̀ṣì, fún ọmọdé, àti fún ẹni tó máa fọn ún nínú oòrùn níbi Ojúde Ọba, rọ́bà ni mo máa ń ní kí wọ́n rà, ojú kì í tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá B-flat ni. Wọ́n máa ń kó ti A àti E-flat pọ̀ mọ́ ọn, ẹni tó bá sì rà á máa rí i pé òun àti dùùrù kò pàdé. Tó bá jẹ́ fèrè àtijọ́, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá wọ́n kọ LP tàbí HP sí i. HP túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é fún ohùn tó ga ju ti òde òní lọ. Ẹ fi í sílẹ̀, kò sí àtúnṣe tó lè mú un bá àwọn yòókù mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú u. Ẹ mú apá òkè, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ tẹ àwọn ọmọrí tó wà fún ìka, ẹ wá fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Bí páàdì bá dára, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé, tí ẹ bá sì yọ ẹnu, ẹ máa gbọ́ "pọ́". Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún apá ìsàlẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ọmọńdinrín tẹ kíì tó ń ti àwọn ihò ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ fóònù. Fèrè tó jẹ́ pé àfi tí ẹ bá fún un mọ́lẹ̀ kó tó dí, ó ti ń jò nìyẹn.

Ẹ mú bébà sìgá dání, kí ẹ ti gé e tín-ín-rín. Ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ páàdì kan, ẹ rọra tẹ ọmọrí, ẹ rọra fà á. Ẹ ṣe é níwájú páàdì náà, lẹ́yìn rẹ̀, ní òsì àti ọ̀tún. Bó bá dì mú níwájú tó sì yọ́ jáde lẹ́yìn, páàdì náà ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibi tí ọlọ́mọrí ti ṣòro ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nìyí: ọmọrí tí ìka ń tẹ̀ tún máa ń fa ọmọrí mìíràn dé, méjèèjì sì gbọ́dọ̀ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n irun kan ṣáájú èkejì, èkejì á ṣí díẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi bébà kan sábẹ́ èyí tí ìka wà, ẹ fi òmíràn sábẹ́ ìkejì rẹ̀, kí méjèèjì dì mú bákan náà.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́

Omi ni ọ̀tá páàdì jù. Èémí wa gbóná, tó bá kan ara fèrè, á di ìrì. Lára fèrè oníhò ṣíṣí, ìka lè nu ihò tí omi bá dé, èèyàn sì máa ń mọ̀ ọ́n lára. Lára ọlọ́mọrí, omi á rọra wọ abẹ́ ọmọrí, á jókòó sórí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Awọ tó ń tutù tó ń gbẹ lójoojúmọ́ á le, á wá là. Bí ẹ bá ti fọn tán, ẹ tú gbogbo rẹ̀, ẹ fi aṣọ olókùn nu inú rẹ̀, kí ẹ gba ẹnu tó fẹ̀ wọlé, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wá fi bébà sìgá sábẹ́ páàdì tó tutù, ẹ tẹ ọmọrí lé e, ẹ gbé ọmọrí sókè kí ẹ tó yọ bébà. Níbi gbígbẹ omi yìí, ẹ má fa bébà jáde nígbà tí ọmọrí ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ya awọ. Ẹ yọ ríìdì, ìyẹn esùsú pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè, ẹ nù ún, ẹ fi í sínú ilé tirẹ̀. Ẹnu fèrè fúnra rẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti tó. Omi gbígbóná máa ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ṣúgà tẹ̀ lé omi. Ní ọjọ́ ìkórè, àwọn ọmọ á mu mínírà, wọ́n á mu sobo, wọ́n á gbé fèrè sẹ́nu. Ní ọjọ́ kẹta, páàdì á ti lẹ̀ mọ́ ihò. Ẹ fi omi fọ ẹnu kí ẹ tó fọn, ìyẹn náà ni oògùn rẹ̀. Èyí tó bá ti lẹ̀, ẹ fi bébà tí ẹ ta omi díẹ̀ sí nù ún, ẹ fi èyí tó gbẹ tẹ̀ lé e. Mo ti rí àwọn tó ń da páúdà sí i. Páúdà á pàdé omi, á di ẹrẹ̀, páàdì á sì bàjẹ́ pátápátá.

Ẹ má fi fèrè sílẹ̀ nínú mọ́tò. Gọ́ọ̀mù ló di páàdì mú sínú àwo rẹ̀, tí ooru bá mú un, páàdì á yẹ̀ nípò. Ẹ má sì gbé àpótí rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mẹ́fà, torí kòkòrò tó ń jẹ aṣọ máa ń jẹ páàdì.

Bí ẹ bá fẹ́ tò ó, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa kọ́ọ̀kì tó wà ní oríkèé rẹ̀. Ẹ mú apá òkè lọ́wọ́, ẹ tẹ ọmọrí ìka àárín kí irin afárá tó so apá méjèèjì pọ̀ lè gbéra, ẹ wá rọra yí i wọlé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọlọ́mọrí ti ń bàjẹ́ nìyí, torí àwọn èèyàn ń di gbogbo irin mú bí ẹni di igi ọkọ́ mú. Òróró, ẹ̀kán kan ní ẹnu abẹ́rẹ́ sí oríkèé irin, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, òróró fèrè ni o. Òróró ìdáná á dì, á sì há irin náà.

Síkúrù kékeré tó ń ṣètò bí ọmọrí méjì ṣe ń balẹ̀ pọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án bí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún sáksófóònù ṣe, ó mọ páàdì. Bó bá pààrọ̀ páàdì kan, ẹ ní kó yẹ ìkejì rẹ̀ wò kí ẹ tó gbé e lọ. Páàdì tuntun máa ń nípọn ju ògbólógbòó lọ, á balẹ̀ ṣáájú, èyí tí kò jò tẹ́lẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Bàbá kan wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, tí làkúrègbé ti wọ́ ìka wọn méjì. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti gbé kílárínẹ́ẹ̀tì wọn jù sílẹ̀ kí a tó bá wọn rí ọlọ́mọrí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń lọ bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọyẹ́ tó dé àti nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀. A máa ń ti fèrèsé, mo máa ń sọ gílóòbù sínú ihò, àwọn fúnra wọn ló ń tẹ ọmọrí. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, iná yọ níbì kan ṣoṣo, lábẹ́ ọmọrí àtàńpàkò. Mo yọ páàdì náà, mo fi tuntun sí i, a tún pa iná ilé. Bàbá tẹ gbogbo ọmọrí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òkùnkùn biribiri. Wọ́n ní, "Ó dáa, ṣí fèrèsé," wọ́n sì gbé e sẹ́nu.